Olórí ẹgbẹ́ ni ká wò, àbí ètò tó gbé kalẹ̀? Bí ìbò Ọsirélíà ṣe rí gan-an

Tí ìbò gbogbogbòò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ní Ọsirélíà, àríyànjiyàn kan máa ń gbòde: ṣé olórí ẹgbẹ́ ló yẹ kí olùdìbò wò ni, àbí àwọn ètò tí ẹgbẹ́ ọ̀hún gbé kalẹ̀? Tẹlifíṣọ̀n á gbé olóòtú ìjọba àti olórí alátakò kojú ara wọn, ìwé ìròyìn á máa tẹ iye èèyàn tó fẹ́ràn eléyìí àti iye tó kórìíra tọ̀hún. Bẹ́ẹ̀, tí olùdìbò bá gba ìwé ìdìbò tán, kò ní rí orúkọ olórí kankan níbẹ̀, àfi tó bá ń gbé ní àgbègbè olórí náà gan-an. Anthony Albanese ti wà nípò olóòtú ìjọba láti 2022, àmọ́ àwọn ará Grayndler ní ìlú Sydney nìkan ló ń rí orúkọ rẹ̀ lórí ìwé. Aṣojú àgbègbè tiwọn ni àwọn tó kù ń yàn.

Ibẹ̀ ló yẹ kí àlàyé ti bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jiyàn lórí olórí àti ètò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìbò ààrẹ ni wọ́n ń dì.

Ìwé méjì ni wọ́n ń fún olùdìbò. Ọ̀kan wà fún ilé aṣojú-ṣòfin, tó ní ìjókòó 150 nínú ìbò 2025. Èkejì, tó máa ń fẹ̀ gbàgàdà, wà fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà tó ní sẹ́nétọ̀ 76: ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní 12 lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn agbègbè méjì tí kì í ṣe ìpínlẹ̀ ní 2 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tàbí àjọṣepọ̀ ẹgbẹ́ tó bá ní ìjókòó 76 nínú 150 ló ń dá ìjọba sílẹ̀, ẹni tí ẹgbẹ́ náà bá sì ti fi ṣe olórí ni yóò di olóòtú ìjọba. Òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè náà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1901, kò dárúkọ ipò olóòtú ìjọba rárá. Àṣà tí wọ́n jogún lọ́wọ́ ìlú ọba ló gbé e ró.

Ẹni tó bá mọ ìtàn Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà kò ní ṣàjèjì sí ìlànà yìí. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ kúrò nípò olórí ìjọba Ẹkùn ní 1959, ẹgbẹ́ Action Group ló fi Akíntọ́lá rọ́pò rẹ̀, kì í ṣe ará ìlú. Ní 1962, ìwé tí ọ̀pọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí ni gómìnà, Ọ̀ọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, rí tó fi yọ Akíntọ́lá, wàhálà tó sì tẹ̀yìn rẹ̀ yọ kò kéré. Láti 1979 tí ètò ààrẹ ti dé, ojú ààrẹ ni ọ̀pọ̀ wa fi ń wo gbogbo olórí ìjọba láyé. Ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọ onílùú ní Melbourne tàbí Perth ní láti gbé ojú yẹn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí dandan ni ìbò níbẹ̀ fún ọmọ onílùú tó bá ti pé ọdún 18. Owó ìtanràn dọ́là 20 ló ń dúró de ẹni tí kò bá dìbò tí kò sì ní àwíjàre.

Ta ló ń yọ olórí?

Láàárín oṣù Kẹfà 2010 sí oṣù Kẹjọ 2018, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ tó wà lórí àlééfà fi ọwọ́ ara wọn rọ olóòtú ìjọba tiwọn lóyè. Julia Gillard gba ipò lọ́wọ́ Kevin Rudd ní 2010, àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Labor. Rudd fi ìbò 57 sí 45 gbà á padà ní oṣù Kẹfà 2013, kò sì pé oṣù mẹ́ta tí Tony Abbott ti ẹgbẹ́ Liberal fi na Labor nínú ìbò gbogbogbòò. Malcolm Turnbull fi ìbò 54 sí 44 yọ Abbott ní oṣù Kẹsàn-án 2015. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ 2018, ó kan Turnbull náà: Scott Morrison fi ìbò 45 sí 40 borí Peter Dutton, ó sì gorí àga. Nínú gbogbo ọdún mẹ́jọ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ará ìlú fi ìbò yọ olóòtú ìjọba. Rudd àti Abbott ni olùdìbò gbé wọlé láti ìdí alátakò, kò sì sí èyí tó lo sáà ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ̀ tán nínú wọn.

Àwọn ẹgbẹ́ ti dí ojú ihò náà díẹ̀. Ní 2013, Labor ṣòfin pé kí wọ́n tó lè yọ olóòtú ìjọba, aṣòfin ẹgbẹ́ 75 nínú 100 gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, àti pé ìdajì agbára láti yan olórí tuntun yóò wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ káàkiri ìlú. Lọ́dún yẹn kan náà, Albanese ló gba ọkàn àwọn ọmọ ẹgbẹ́, Bill Shorten ló gba ti àwọn aṣòfin, Shorten ló sì wọlé. Liberal ṣe tirẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2018: ìdá méjì nínú mẹ́ta aṣòfin ẹgbẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ rí kí wọ́n tó yọ olóòtú ìjọba tó ti borí nínú ìbò. Olórí alátakò kò sí lábẹ́ ààbò òfin ti Liberal yìí.

Ẹ jẹ́ ká wo Turnbull dáadáa, torí tirẹ̀ ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn jùlọ. Ní 2009, olórí alátakò ni. Ó gbà láti bá ìjọba Rudd fọwọ́ sí òfin tí yóò mú kí àwọn iléeṣẹ́ máa sanwó lórí èéfín kábọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tú sáfẹ́fẹ́. Àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ rẹ̀ yarí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá, Abbott fi ìbò kan ṣoṣo, 42 sí 41, gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, lọ́jọ́ kejì ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà da òfin náà nù. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ó padà dé, lọ́tẹ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí olóòtú ìjọba, pẹ̀lú àdéhùn pé òun kò ní fọwọ́ kan ètò ojú ọjọ́ tí Abbott fi sílẹ̀. Ó fúnra rẹ̀ fara mọ́ ìgbéyàwó láàárín ọkùnrin àti ọkùnrin tàbí obìnrin àti obìnrin, síbẹ̀ kò lè gbé òfin rẹ̀ wá tààrà. Ìwé ìbéèrè ni wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ilé gbogbo olùdìbò ní 2017, 61.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dáhùn ló ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ilé aṣòfin tó ṣe é lófin ní oṣù Kejìlá. Nígbà tó tún gbìyànjú ètò iná mànàmáná kan ní 2018, tí ìdínkù èéfín wà nínú rẹ̀, ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ tí ipò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹni tó dìbò fún Liberal ní 2016 torí pé Turnbull wù ú rí Turnbull gbà lóòótọ́, àmọ́ ètò tí Turnbull fẹ́ràn kọ́ ló rí. Àwọn aṣòfin tó lè lé e kúrò ló ń pinnu ohun tó lè ṣe. Tèmi ni pé ìbéèrè pé olórí ni àbí ètò fi ẹni kẹta pamọ́, ìyẹn yàrá ìpàdé àwọn aṣòfin ẹgbẹ́, níbi tí wọ́n ti ń di ọrùn olórí àti ti ètò mú pọ̀.

Kéèkì ọjọ́ ìbí àti owó orí ọjà

Àwọn tó ní ètò nìkan ló yẹ ká wò náà ní ẹjọ́ láti rò. Ní oṣù Kọkànlá 1991, John Hewson, olórí Liberal tó jẹ́ onímọ̀ ọrọ̀ ajé, gbé ìwé ètò kan jáde tó tó ojú-ìwé 650. Kókó rẹ̀ ni owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní GST, ìbátan VAT, tí yóò jẹ́ 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ẹgbẹ́ alátakò tó tíì ṣí ọwọ́ rẹ̀ han olùdìbò tó bẹ́ẹ̀. Ìjọba Paul Keating ti Labor wà nínú ìṣòro, àìríṣẹ́ṣe ti lé ní 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìbò oṣù Kẹta 1993, oníròyìn Mike Willesee bi Hewson lórí tẹlifíṣọ̀n pé tí òun bá ra kéèkì ọjọ́ ìbí, ṣé iye rẹ̀ yóò lé ni àbí yóò dín. Hewson bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ó dá lórí bí wọ́n bá ṣe kéèkì náà lọ́ṣọ̀ọ́, bí àbẹ́là bá wà lórí rẹ̀, irú ilé ìtajà tó ti wá. Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe irọ́, ẹnikẹ́ni tó mọ owó orí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n olórí tó kọ ètò náà kò lè sọ ọ́ kó yé ènìyàn, Keating sì wọlé padà.

John Howard ti Liberal sọ ní 1995 pé láéláé, kò sí GST mọ́. Ó wọlé ní 1996, ó yí ọkàn padà, àmọ́ ó gbé e lọ síwájú olùdìbò ní 1998 kó tó ṣe é. Tí a bá pín gbogbo ìbò sí ẹ̀gbẹ́ méjì, Labor ló fi díẹ̀ borí, Howard ló ní ìjókòó jù, ìjókòó ni wọ́n sì ń kà. Owó orí náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Keje 2000, ní 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe bí Howard ṣe gbé e kalẹ̀ ló ṣe jáde, torí kò ní iye sẹ́nétọ̀ tó tó. Ẹgbẹ́ Democrats, tí kò lè dá ìjọba sílẹ̀ láéláé, ló ní kí wọ́n yọ oúnjẹ ìpìlẹ̀ kúrò kí àwọn tó fọwọ́ sí i. Títí dòní, búrẹ́dì kò ní GST lórí, kéèkì ní.

Ní 2019, ohun tó jọ ti 1993 tún ṣẹlẹ̀. Shorten, olórí Labor, gbé àkójọ ètò ńlá wá: kí wọ́n dín àǹfààní owó orí kù fún àwọn tó ń ra ilé láti fi pawó, kí wọ́n sì dẹ́kun owó tí ìjọba ń dá padà fún àwọn onípìn-ín iléeṣẹ́ tí kì í san owó orí. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ṣòro láti ṣàlàyé. Iléeṣẹ́ ti san owó orí lórí èrè kó tó pín in, wọ́n sì ń ka owó orí yẹn sí àsansílẹ̀ fún onípìn-ín. Bí onípìn-ín náà bá jẹ́ ẹni tó ti fẹ̀yìntì tí kò jẹ ìjọba ní nǹkan kan, ìjọba á fi owó náà ránṣẹ́ sí i. Ìjọba Morrison, tó ń bá Labor du ìbò náà, pe èyí ní owó orí lórí àwọn arúgbó, ọ̀rọ̀ náà sì wọlé sí wọn lára. Àhesọ tún tàn kálẹ̀ lórí Facebook pé Labor fẹ́ gba owó orí lórí ogún òkú, bẹ́ẹ̀ kò sí irú rẹ̀ nínú ètò wọn. Labor pàdánù ìbò tí gbogbo ìwádìí èrò ìlú ti fún un. Ìgbìmọ̀ tí ẹgbẹ́ náà gbé dìde láti yẹ ìjákulẹ̀ ọ̀hún wò dá ẹ̀bi sí ọ̀nà mẹ́ta: ọgbọ́n ìpolongo tó mẹ́hẹ, tí kò yí padà nígbà tí Morrison rọ́pò Turnbull, ètò tó pọ̀ jù tó sì ń dẹ́rù ba èèyàn, àti olórí tí ará ìlú kò fẹ́ràn.

Ohun tó tẹ̀lé e ló yẹ kó ká olùdìbò lára. Ní 2022, Labor kó àwọn ètò owó orí yẹn dà nù, ó dín ìlérí kù, ó sì wọlé. Tí ìbò bá ń fìyà jẹ ẹni tó kọ ètò rẹ̀ sílẹ̀ kedere, àwọn ẹgbẹ́ á kọ́ láti máa fi í pamọ́.

Yunifásítì ANU ní Canberra ti ń bi àwọn olùdìbò léèrè lẹ́yìn ìbò kọ̀ọ̀kan láti 1987. Nínú ìwádìí náà, ètò ni ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé àwọn wò, àwọn tó ní olórí ni àwọn tẹ̀lé kéré gan-an. Mi ò gba ìdáhùn yìí tán. Ta ni yóò sọ fún oníwàádìí pé ojú ẹnì kan lòun wò? Ìwádìí kan náà ń ní kí àwọn èèyàn fi máàkì láti 0 dé 10 fún olórí. Shorten gba bíi 4 ní 2019, Morrison gba 5.1, ó wọlé. Ní 2022, Morrison já sí 3.8, ó pàdánù. Dutton, tó ti di olórí Liberal, tún kéré sí i ní 2025, ó pàdánù ìbò àti ìjókòó tirẹ̀ ní Dickson.

Ibi tí olórí ti wúwo

Ètò kò lè sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin 1996, kò tíì pé oṣù méjì tí Howard wọlé, ọkùnrin kan fi ìbọn pa èèyàn 35 ní Port Arthur ní erékùṣù Tasmania. Howard, tí àwọn àgbẹ̀ oníbọn wà lára àwọn tó ń dìbò fún àjọṣepọ̀ rẹ̀, fúngun mọ́ àwọn ìpínlẹ̀ títí wọ́n fi fòfin de ìbọn ológun àti irú rẹ̀, ìjọba sì ra ìbọn tó lé ní 600,000 padà lọ́wọ́ ará ìlú. Kì í ṣe èyí ló fi polongo ìbò.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Ní oṣù Kẹjọ 2022, àṣírí tú pé Morrison ti fi ara rẹ̀ jẹ mínísítà ilé iṣẹ́ márùn-ún ní ìkọ̀kọ̀ láàárín 2020 sí 2021, ètò ìlera àti ìṣúná wà lára wọn, tí púpọ̀ nínú àwọn mínísítà tó wà níbẹ̀ kò mọ̀. Ìwé ètò wo ni olùdìbò ì bá kà kó tó mọ̀ pé irú èyí lè ṣẹlẹ̀? Àdéhùn ọkọ̀ abẹ́ omi AUKUS pẹ̀lú Amẹ́ríkà àti ìlú ọba, tí wọ́n kéde ní oṣù Kẹsàn-án 2021, náà kò kọjá níwájú olùdìbò. Ìjọba ṣe é, Labor fọwọ́ sí i ní wéré, owó tí wọ́n sì fojú bù fún un lè tó bílíọ̀nù dọ́là 368 láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún.

Àmọ́ ṣá, kí á má sọ olórí di òrìṣà. Ní oṣù Kejì 1983, àwọn ti Labor fúngun mọ́ olórí wọn, Bill Hayden, títí ó fi gbé ipò sílẹ̀ fún Bob Hawke lọ́jọ́ tí olóòtú ìjọba Malcolm Fraser kéde ìbò gan-an. Ètò kò yí padà láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Hayden fi ìbínú sọ pé ajá darandaran pàápàá lè kó Labor wọlé lásìkò yẹn, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́.

Bí a ṣe ń wọn ìlérí

Ohun tó máa ń da ìlérí rú kì í sábà jẹ́ irọ́ lásán. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ni pé kí ni ìlérí náà nílò kó tó di òótọ́. Àwọn kan wà tí ìjọba lè dá ṣe. Èyí tó bá nílò òfin gbọ́dọ̀ rí sẹ́nétọ̀ 39 nínú 76, kò sì wọ́pọ̀ kí ìjọba ní iye yẹn fúnra rẹ̀. Howard ní i láti oṣù Keje 2005, òfin iṣẹ́ tó pè ní WorkChoices, tí kò fi polongo ìbò ní 2004, ló sì jáde nínú rẹ̀. Ìlérí àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ nílò ìbò gbogbo ará ìlú: Albanese mú ìlérí ṣẹ, ó pe ìbò náà ní oṣù Kẹwàá 2023 lórí “ohùn” àwọn ọmọ ilẹ̀ náà àkọ́kọ́, ìyẹn ìgbìmọ̀ tí yóò máa gba ilé aṣòfin nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ wọn, ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ní rárá.

Ìlérí tó bàjẹ́ pàápàá, ẹ wo ẹni tó jẹ́ àǹfààní rẹ̀. Albanese ti sọ pé òun kò ní fọwọ́ kan ìdínkù owó orí tí ìjọba Morrison ti ṣe lófin. Ní oṣù Kìíní 2024, ó yí i padà. Ẹni tó ń gba dọ́là 200,000 lọ́dún, tí ì bá rí dọ́là 9,075, rí 4,529. Ẹni tó ń gba 73,000 rí 1,504, tó lé ní ìlọ́po méjì ohun tí ì bá rí. Ìlérí já lóòótọ́, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì jèrè.

Fún owó, ìwé méjì ló yẹ kí èèyàn wá. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n bá ti gbé ìwé àṣẹ ìbò jáde, àwọn ọ̀gá àgbà òṣìṣẹ́ ìjọba ní ilé iṣẹ́ ìṣúná gbọ́dọ̀ tẹ ìròyìn PEFO jáde, tó ń sọ bí àpò ìjọba ṣe rí, láìsí ọwọ́ òṣèlú nínú rẹ̀. Òfin 1998 ló sọ bẹ́ẹ̀. Èkejì ni ìṣirò ọ́fíìsì PBO ti ilé aṣòfin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2012 láti máa ṣírò iye tí ètò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò ná. Ìṣòro ibẹ̀ ni àsìkò. Ìbò tètè-dì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin 2025. Àjọṣepọ̀ Liberal àti Nationals kò gbé àpapọ̀ ìṣirò tirẹ̀ jáde títí di ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ méjì ṣáájú ìbò, nígbà tí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn ti dìbò tán. Ètò wọn láti kọ́ ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì sí ibi méje wà nínú ohun tó yẹ kí ìṣirò náà tan ìmọ́lẹ̀ sí.

Wo olùdíje àgbègbè rẹ náà. Aṣòfin Labor tó bá dìbò lòdì sí ìpinnu ẹgbẹ́ ń fi ipò rẹ̀ wewu. Sẹ́nétọ̀ Fatima Payman ṣe bẹ́ẹ̀ lórí Palẹsítínì ní oṣù Kẹfà 2024, ó sì ti kúrò nínú ẹgbẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Nítorí náà, ohun tí olùdíje Labor gbà gbọ́ fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sọ bí yóò ṣe dìbò nílé aṣòfin. Ní Liberal, okùn náà dẹ̀ díẹ̀, pàápàá fún aṣòfin tí kì í ṣe mínísítà.

Ìwé ìdìbò Ọsirélíà fúnra rẹ̀ gba èèyàn láàyè láti dáhùn ìbéèrè méjèèjì. Nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ síwájú orúkọ, kì í ṣe ìka ni wọ́n ń tẹ̀. Ẹni tí ètò ẹgbẹ́ kékeré tàbí aládàádúró kan bá wù lè fún un ní 1, ìyẹn sì ń mú owó wá fún un, dọ́là 3 àti díẹ̀ ní 2025, lórí ìbò kọ̀ọ̀kan tó bá ti rí 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí olùdíje náà bá já, ìbò yẹn á kọjá sí ẹni tó gba 2, títí yóò fi kan ọ̀kan nínú àwọn tó kù, tó sábà máa ń jẹ́ ẹgbẹ́ ńlá. Ibẹ̀ ni èèyàn ti ń sọ olórí tó fẹ́ kó ṣèjọba: kí ó ṣáà ti rí i pé nọ́ńbà ẹgbẹ́ ẹni náà kéré sí ti orogún rẹ̀. Ní 2025, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta olùdìbò ló fún ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ ńlá ní 1.

Ní ilé aṣojú-ṣòfin, gbogbo àpótí kékeré orí ìwé ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà sí, ẹni tó bá kọ 3 lẹ́ẹ̀mejì tàbí tó fi èyí tó pọ̀ sílẹ̀ lófo ti ba ìbò rẹ̀ jẹ́. Ní ti sẹ́nétọ̀, 1 dé 6 ó kéré tán lókè ìlà tó pín ìwé náà, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ wà, tàbí 1 dé 12 nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí orúkọ àwọn olùdíje wà. Tí ọwọ́ bá ṣì, òṣìṣẹ́ ibùdó á fún èèyàn ní ìwé mìíràn, bí ti àkọ́kọ́ kò bá tíì wọnú àpótí.